Àǹtí Wòkè àti Ilé Bàbá Télọ̀

Àbúrò ìyá mi obìnrin kì í wo iwájú tó bá ń rìn. Òkè ilé ló máa ń wò, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọdé fi ń pè é ní Àǹtí Wòkè. Ó ti forí gbá pátákó ṣọ́ọ̀bù rí. Ó tiẹ̀ ti sọ fún òpó iná pé, “Ẹ má bínú, mi ò rí yín.”

Iṣẹ́ rẹ̀ ní kánsù ló fà á. Òun ni wọ́n ń rán lọ wo àwọn ilé àtijọ́, láti mọ èyí tó yẹ kí òfin dáàbò bò kí ẹnikẹ́ni má bàa wó o. Kó tó kan ilẹ̀kùn, á kọ́kọ́ dúró ní òdìkejì títì, á wo ilé náà láti òrùlé dé ìpìlẹ̀, bí ìyá ìyàwó tó ń wo ọkọ tí ọmọ rẹ̀ mú wálé.

Nígbà ìsinmi wa, ó mú mi lọ sí àdúgbò kan tó ń yẹ̀ wò. Ilé tó jẹ ẹ́ lógún jù níbẹ̀ ni ti Bàbá Télọ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan. Òkè ni bàbá ń sùn, ìsàlẹ̀ ló ti ń ránṣọ, ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí fèrèsé. Wọ́n ti wó àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n fẹ́ sọ gbogbo ibẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Tí òfin ò bá gba ilé bàbá sílẹ̀, òun ló kàn.

Ọkàn Àǹtí balẹ̀. Ó ti rí ojú ilé náà nígbà kan tó ń kọjá lọ: bíríkì pupa, pẹ̀lú bíríkì funfun tí wọ́n tò bí òdòdó sórí fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Irú ẹ̀ ò sí mọ́ ní gbogbo àdúgbò. Ó wá ránṣẹ́ sí bàbá pé òun ń bọ̀ wá yà á ní fọ́tò.

Ìgbà tá a débẹ̀, ilé ọ̀hún funfun báláú, ó ń dán gbinrin. Bàbá Télọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta.

“Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá kánsù! Ẹ wo ilé mi, ó ti di ọmọge!”

Téèpù tí Àǹtí fi ń wọn ilé já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá, kí lẹ fi bò ó?”

“Sìmẹ́ńtì funfun ni! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi rẹ́ ẹ. Ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀. Ta ló ń fi aṣọ gbígbó pàdé àlejò?”

“Bàbá, aṣọ gbígbó yẹn gan-an ni mo wá wò.”

Ẹ̀rín kú lójú bàbá. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

“Ṣé ẹ ò lè bá mi sọ fún wọn pé bíríkì wà lábẹ́ ẹ̀?”

“Ohun tí ojú ò rí, fọ́tò ò lè yà á. Tá a bá sì ní ká fi òòlù ṣí sìmẹ́ńtì tó ti mú dáadáa, bíríkì á bá a lọ.”

“Á jẹ́ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi wó ilé mi.”

Mo mú téèpù nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá, bíríkìlà, yọ láti ẹ̀yìnkùlé.

“Àǹtí, ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ mi? Ó máa wà títí dé àrọ́mọdọ́mọ ni o!”

Àǹtí sún mọ́ ilé náà. Ó fi ìka kan ògiri. Kó-kó-kó. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún kàn án. Kó-kó-kó, bí ìgbà tí inú igbá bá ṣófo. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí etí.

“Bíríkìlà, ṣé o bomi rin ògiri kó o tó rẹ́ ẹ?”

“Omi kẹ̀? Ògiri ò sọ fún mi pé òùngbẹ ń gbẹ òun.”

“Ṣé o gbọn eruku ara ẹ̀ nù?”

“Sìmẹ́ńtì ṣáà máa bò ó. Ta ló máa rí i?”

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, ó di ìhà mú. “Bàbá Télọ̀, ẹ dìde! Ìmẹ́lẹ́ ọmọ yín ti gbà yín là! Sìmẹ́ńtì ò lè di ara mọ́ ògiri gbígbẹ tó kún fún eruku.”

Ó tọrọ rúlà onírin tí bàbá fi ń wọn aṣọ. Ó tì í bọ abẹ́ sìmẹ́ńtì ní etí fèrèsé, ó rọra gbé e. Odidi ègé kan tó fẹ̀ tó ẹní ṣí kúrò, ó balẹ̀ gbàm. Bíríkì pupa yọjú, òdòdó funfun sì wà lórí fèrèsé láìfarapa.

“Iṣẹ́ mi rè é o!” ni bíríkìlà ké.

“Iṣẹ́ wo?” ni bàbá dá a lóhùn. “Ká ní o mọṣẹ́ ni, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni mi ò bá ti máa ránṣọ!”

Àwọn aládùúgbò bá wa dá sí i. Obìnrin kan tó ń gẹrun ní òdìkejì títì ló ń darí wa látorí àga rẹ̀: “Ẹ rọra bó o bí ẹyin sísè o! Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo!” Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ojú ilé ti yọ tán. Àǹtí sọdá títì, ó gbójú sókè, ó gbé fóònù rẹ̀ síta.

“Bàbá, ẹ kúrò níwájú ilé, kí n rí i yà.”

“Kí ló dé? Ṣé èmi náà kì í ṣe ti àtijọ́ ni?”

Bàbá ò kúrò. Bí fọ́tò yẹn ṣe dé iwájú àwọn ọ̀gá kánsù nìyẹn, pẹ̀lú bàbá tó rọ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn bí ẹni pé òun ló gbé ilé dúró. Wọ́n fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó lè wó ilé náà mọ́.

Bíríkìlà ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun báyìí, ó ń tún iṣẹ́ kọ́. Bàbá Télọ̀ ló fi dandan lé e. Ó ní irú oríire yẹn kì í ya ilé ẹni lẹ́ẹ̀mejì.