Iná Mẹ́fà Lẹ́yìn Ìmpálà

Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló tàn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé onílé ní Williamsbridge, ní Bronx, lọ́sàn-án gangan, ẹnu mi kò padé. Ọmọ Ìbàdàn kan ládùúgbò wa, tó ń fi mọ́tò gbé èrò, ló ra mọ́tò Ìmpálà àtijọ́ kan. Ó ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ó ní kí n bá òun wo iná ẹ̀yìn.

"Dádì, kí ló dé? Ṣé kí n bu omi wá?"

"Tún un tẹ̀."

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé l'Ábẹ́òkúta, bàbá kan ń gbé ní iwájú ilé wa tó ti wa mọ́tò fún òyìnbó rí. Nígbà tí òyìnbó ń relé, bàbá ra mọ́tò náà, ó ń pè é ní Ìmpálà. Láràárọ̀ ni a máa ń gbọ́ ìró kànìnkànìn lára rẹ̀, fìṣì-fìṣì, òórùn pẹtiróòlù á sì da òórùn àkàrà rú. Mọ́tò yẹn gùn débi pé bí iwájú rẹ̀ bá dé Ìtòkò, ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì kúrò nílé. A ó bọ́ bàtà ká tó wọ̀ ọ́, a ó jókòó bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá á máa pìtàn.

"Lọ́dún kejì tí Ìmpálà dé, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbalaja bíi ti igún, iná rẹ̀ dà bí ojú ológbò. Nígbà tó yá, wọ́n fa ìyẹ́ tu, wọ́n fún un ní iná róbótó, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Èyí tó bá ní méjì-méjì, kì í ṣe Ìmpálà, àbúrò rẹ̀ tí kò wọ́n tó o ni. A kì í fi orúkọ ẹ̀gbọ́n pe àbúrò."

Mẹ́fà ni tirẹ̀. A kà á. Bàbá Olójú Mẹ́fà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, mọ́tò rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń bẹ̀ fi gbé ìyàwó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ìyàwó, àwa èrò ń sáré tẹ̀lé e. Ewúrẹ́ kan já sójú ọ̀nà, bàbá tẹ bíréèkì. Mẹ́rin péré ló tàn. Àwọn ti àárín dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, obìnrin ẹlẹ́nu mímú, dúró. "Bàbá Olójú Mẹ́fà, ṣé méjì nínú ojú yín ti fọ́ ni?"

Bàbá yọrí lójú fèrèsé. Ó ń fi ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. Bí èyí bá fi lè dé ìgboro, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ni ẹnu mi bá là fúnra rẹ̀: "Ti òjò nìwọ̀nyẹn, mà. Wọn kì í tàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

Obìnrin náà wo ojú ọ̀run. "Ọgbọ́n òyìnbó," ló wí. Mọ́tò sún síwájú.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá pè mí, ó yọ ọ̀kan nínú iná àárín: ìdérí agolo ni, tó fi ọ̀dà pupa kùn. Kò sí wáyà níbẹ̀.

"Àbúrò lèyí, ojú mẹ́rin lagbára mi ká," ó ní. "Ẹnu mi ló fi méjì sí i. Láti àná, ẹnu tìẹ ló gbé e dúró."

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà nílé ẹ̀kọ́. Irọ́ yẹn ni mo kà yanjú. Mo ti pa á fún ọmọ, mo ti pa á fún ọmọ-ọmọ. Títí dòní, bí òjò bá ń rọ̀ ní Bronx, ẹ̀yìn mọ́tò ni mo máa ń wò. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ́rìí sí iná tí n kò rí rí.

"Dádì, ṣé ó tó báyìí?" Ọmọ Ìbàdàn náà ṣì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀.

"Kò tíì tó. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí bàbá kan l'Ábẹ́òkúta rí i."