Ọdún Tí Mama Skolastika Ti Ọgbà Ẹlẹ́dẹ̀ Rẹ̀

Èmi àti Mama Skolastika ti jọ ń gbé àdúgbò kan náà lẹ́bàá ìlú Maumere kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ọkọ náà fi sílẹ̀ ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ wọ erékùṣù wa, tó ń pa ẹran láti ilé dé ilé, obìnrin yìí ti ọgbà rẹ̀ pa. Ó gbé ọpọ́n omi apakòkòrò sẹ́nu ọ̀nà, ó ya bàtà rọ́bà kan sọ́tọ̀ tí kì í wọ̀ jáde, kò sì gba àjẹkù ilé oúnjẹ mọ́, torí àrùn náà máa ń bá bàtà àti ẹran tútù wọlé. Ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń sè fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀.

A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi gan-an bi í pé, "Mama, ṣé kí n gba káàdì ìwọlé kí n tó rí ẹlẹ́dẹ̀ yín ni?"

"Dúró síbẹ̀ yẹn," ló dá mi lóhùn. "Bó o bá fẹ́ rí ẹlẹ́dẹ̀, wo dígí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Blasius, gun alùpùpù dé láti ibi ìgbéyàwó. Itan ẹlẹ́dẹ̀ tútù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wo abo ẹlẹ́dẹ̀ tó lóyún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ ò lè wọlé lónìí, ẹran yẹn náà ò sì lè wọlé."

"Skolastika! Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa. Kí ẹlẹ́dẹ̀ máa bá ọ ṣe ẹbí lọ!"

Ó yí alùpùpù padà. Obìnrin náà di igi ọgbà mú títí a ò fi gbúròó alùpùpù náà mọ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, abo ẹlẹ́dẹ̀ olóyún náà kọ oúnjẹ. Ara rẹ̀ gbóná, kò dìde. Mama Skolastika yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ń tọ́jú àwọn yòókù tán kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì pe Veronika, dókítà ẹran. Veronika gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní èsì á gba ọjọ́ mẹ́rin. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń bá mi sọ: "Mo lé ẹ̀gbọ́n mi, àrùn náà ṣì wọlé."

Nígbà tí fóònù dún, ó tì í sí mi lọ́wọ́, èmi ni mo bá a gbé e.

"Mama, kì í ṣe ibà ẹlẹ́dẹ̀ o!" ni Veronika ń pariwo. "Ooru ló mú un, inú rẹ̀ sì dí. Ẹ fún un lómi dáadáa, ẹ fún un léwé tútù."

Mama Skolastika jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè láti sọ fún un.

"Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tèmi ti kú tán," ni Blasius wí. "Mo fún wọn ní omi tí a fi fọ itan ọjọ́ yẹn. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n pè ọ́. Ọpẹ́ ni pé o ò ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Ilé ni ẹ máa wọ̀, kì í ṣe ọgbà."

"Mo gbọ́, dókítà," ni Blasius wí, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ kejì, abo ẹlẹ́dẹ̀ náà bí mẹ́sàn-án. Veronika ti ní kí ọgbà Blasius ṣófo fún oṣù mélòó kan ná kí àrùn lè tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ náà ti di ti ẹ̀gbọ́n Mama Skolastika.