Àdúrà Oúnjẹ Nínú Kànga

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ há sínú kànga ní Ìwó, mo bẹ̀ ẹ́, kó má ṣe é lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn agogo kan ọ̀sán. Gbogbo àdúgbò wa ló ti lọ sí mọ́ṣáláṣí nígbà yẹn. Èmi nìkan ni Kìrìsìtẹ́nì nínú agboolé tí mo háyà yàrá sí, èmi náà sì ni okùn ìfami já mọ́ lọ́wọ́.

Ike ìfami tó bá okùn náà já sínú omi, tuntun ni. Mi ò lè máa wò ó kó máa léfòó lójú mi. Àwọn tó gbẹ́ kànga náà ti gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sára ògiri rẹ̀, ni mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kù díẹ̀ kí n dé ojú omi ni ihò tí mo dì mú ya. Mo yọ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri kan, mo fẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ìkejì, mo sì há síbẹ̀. Omi abẹ́ mi jìn jù mí lọ, mi ò sì mọ̀wẹ̀. Mo kígbe títí ohùn mi fi fẹ́ há. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Ẹ wá wo èmi olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tó máa ń fa etí ọmọ tí kò bá mọ Sáàmù sórí! Gbogbo Sáàmù ti fò lọ. Àdúrà kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu mi ni ti oúnjẹ: "Olúwa, bù kún oúnjẹ yìí, kí O sì pèsè fún àwọn tí kò ní. Àmín." Mo mọ̀ pé kò bá a mu. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, itan mi á fẹ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀, nítorí náà mo ń parí, mo tún ń bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé Ọlọ́run tó gbọ́ Jónà nínú ikùn ẹja á gbọ́ tèmi náà.

Ìgbà tó yá, ẹnì kan yọjú lókè. Ìyá onílé wa ni, àgbàlagbà Mùsùlùmí tí orúnkún ò jẹ́ kó lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́.

"Tíṣà, àbí ìwọ kọ́ nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá! Ẹ gbà mí!"

Ìyá fi ọ̀pá tilẹ̀ dé títì, wọ́n pe àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá, àwọn yẹn gbé okùn wá, wọ́n sì fà mí jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Mo bi Ìyá léèrè bí wọ́n ṣe gbọ́ mi.

"Oorun ni mo ń sùn. Àdúrà ẹ ló jí mi. Mo rò pé o fẹ́ jẹun ni, mo sì ń bá ẹ ṣe àmín látorí bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣe é títí, mo ní, irú oúnjẹ wo lèyí tí àdúrà rẹ̀ kì í tán? Ni mo bá dìde wá wò."

Àwọn ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rín in, ṣùgbọ́n ẹkún ló jáde. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mò ń gbàdúrà.