Ẹja Tó Mọ Ìró Abọ́

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ará àdúgbò wa n'Íkọ̀tún ń fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Owó epo ti wọ̀lú nígbà náà, ilé ń hù bí olú lọ́nà Ìgàndó, ẹja yìnyín tí ọkọ̀ òkun ń kó wá sì kún ọjà. Ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń fi típà kó yanrìn, kò rí nǹkan mìíràn ṣe ju kó gbẹ́ kòtò omi sẹ́yìn ilé, kó lọ fi apẹ̀rẹ̀ gbọ́n ọmọ ẹja àrọ̀ wá láti odò. Mo bi í bóyá ebi ń pa á ni. Ó ní kí n ṣá máa wòran.

Ọmọdé ìyàwó ni mí, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ṣì wà lẹ́nu ọmú, mo sì rò pé kò sóhun tí n kò mọ̀ nípa ká bọ́ nǹkan. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi ẹja sílẹ̀ fún mi, odindi ẹ̀kọ ni mo jù sómi, pé kí wọ́n jẹ ẹ́ yó. Kó tó dé, omi ti kan, púpọ̀ nínú wọn ti kú léfòó. Kò bínú. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ó ní ṣé èyí náà ti ń jẹ iyán ni?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń se ẹyin, tí mo ń ra pupa rẹ̀ mọ́ asẹ́ títí á fi kúnná bí àtíkè, tí mo ń wọ́n ọn bín-ín-tín létí omi láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ọkọ mi a máa wí. Nígbà tí wọ́n gùn tó ìka, ó kan eèrí ògì tí a pò mọ́ edé lílọ̀. A sì ń ṣa àwọn tó tètè dàgbà sí kòtò kejì, torí àrọ̀ ò mọ àbúrò. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti gbà á, ó gbé e mì nìyẹn. Nígbà tí wọ́n di géńdé, ekòló àti ìfun adìẹ ni, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ péré. Ọkọ mi á fi ṣíbí lu abọ́ tánganran, kó, kó, kó, omi á dà rú. Ó ní a ò ní pa ìkankan. Bí wọ́n bá ti bímọ, òun á fi típà sílẹ̀, òun á jókòó ti èmi àti ọmọ òun.

Típà kò dúró dè é. Ó gbókìtì pẹ̀lú rẹ̀ lọ́nà Abẹ́òkúta. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, mo di opó, ọmọ ọmú lọ́wọ́.

Fún àdúà ọjọ́ kẹjọ, ẹbí rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́, ní kò sí sàráà tó dára ju ohun tí olóògbé fọwọ́ ara rẹ̀ sìn. Mo ní àbúrò wọn fẹ́ kí àwọn ẹja náà bímọ ná. Ẹ̀gbọ́n yìí bi mí pé:

"Ìyàwó wa, ta ni yóò máa bọ́ wọn?"

Àwọn ẹbí da àwọ̀n sómi títí, àrọ̀ sá wọnú ẹrẹ̀. Ni wọ́n bá padà wá rọra bi mí bí a ṣe ń pè wọ́n.

Mo pọn ọmọ mi, mo gbé abọ́, mo dúró síbi tí ọkọ mi máa ń dúró sí, mo lù ú. Gbogbo wọn yọ, wọ́n la ẹnu sókè, wọ́n ń wá ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi. Àwọ̀n bò wọ́n. Nígbà tí a la inú wọn níbi ìdáná, ẹyin kún inú àwọn abo fọ́fọ́. Mo sunkún ọjọ́ náà ju bí mo ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú lọ.

Ilé alájà ni wọ́n kọ́ sórí kòtò náà báyìí. Bí ọmọ-ọmọ mi bá ń fi ṣíbí lu àwo nídìí oúnjẹ, mo máa ń gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará ilé rò pé ariwo ni n kò fẹ́.