Ọjọ́ Tí Mo Fọwọ́ Bo Èjí Mi

"Ó wà níbẹ̀! Màámi, ó ṣì wà níbẹ̀ o!" Òwú kún ẹnu mi, ẹ̀jẹ̀ ti ta sí yunifọ́ọ̀mù mi, mo ń jó jáde ní ọsibítù ìjọba bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Èjí mi ni mò ń wí. Láyé ọjọ́un, ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, n ò ní ohun kankan tó ju àlàfo kékeré tó wà láàárín eyín iwájú mi yẹn lọ. Àlejò á ní kí n rẹ́rìn-ín, màá rẹ́rìn-ín. Wọn ò tiẹ̀ ní kí n rín, màá rín in, kódà nílé ọlọ́fọ̀. "Funfun niyì eyín," Màámi á wí, wọ́n á na pákò sí mi. Eyín iwájú nìkan ni mo máa ń fọ̀, torí ibẹ̀ laráyé ń wò. Màá wá fi ṣúgà há ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn.

Bí akokoro ṣe wọ eyín inú nìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí àkàrà, ewé tí Màámi sè ò ràn án. Nígbà náà, ọmọdé kì í sanwó ní ọsibítù ìjọba, inú Màámi dùn. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi Bọ́sẹ̀ yọ́ sọ sí mi létí pé, "Ọ̀fẹ́ mà ni o! Eyín tọ́wọ́ wọn bá kọ́kọ́ bà ni wọ́n ń yọ. Kí èjí ẹ yáa dágbére." Mo gbà á gbọ́, èmi tí mo ń gba ipò kìíní ní kíláàsì! Títí a fi débẹ̀ ni mo ń sunkún pé kò dùn mí mọ́.

Wọ́n gbé mi sórí àga, mo fọwọ́ méjèèjì bo èjí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wò mí títí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé imú ni ká gbà wọlé ni?" Ẹ̀rín pa mí, mo yanu, abẹ́rẹ́ wọlé. Kí n tó mọ̀, eyín jíjẹrà ti wà nínú abọ́, èjí mi sì jókòó jẹ́jẹ́ sáyè ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fi bébà di eyín náà fún mi, wọ́n ní eyín àgbà ni, òmíràn ò ní hù. Kí ni wọ́n mọ̀? Lónìí tí mo ti kàwé, mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, ahọ́n mi ṣì ń lọ yẹ ihò yẹn wò láràárọ̀, alángbá kan ni mo sì ń bínú sí.

Torí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Bọ́sẹ̀ tó jí, mo ti kó òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ eyín náà, mo dijú, mo jù ú sórí páànù, bí gbogbo ọmọdé ṣe ń ṣe kí tuntun lè hù. Èèwọ̀ ibẹ̀ ni pé alángbá ò gbọdọ̀ rí ihò eyín. Mo panu dé gbọin. Màámi jáde, mo kúnlẹ̀, n ò fọhùn.

"Àbí wọ́n yọ ahọ́n mọ́ ọn ni?"

Mo nawọ́ sí alángbá tó ń mirí lára ògiri. Màámi bú sẹ́rìn-ín. Èmi eléjìí, ǹjẹ́ mo lè rí ẹ̀rín kí n má bá wọn rín in? Mo la gbogbo ẹnu níṣojú alángbá.