Ìbíjọkẹ́ àti Sípíkà Méjì tí Wọ́n Gbé Wá láti Iléṣà

Ó ti tó ọdún mẹ́tàlélógún tí Ìbíjọkẹ́ Ògúnṣẹ̀yẹ ti ń tún rédíò ṣe ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, ohun kan náà sì ni àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń béèrè nípa sípíkà: "Ṣé yóò ké dáadáa?" Bí ó bá ti ké débi tí ará àdúgbò kejì fi gbọ́, inú wọn dùn. Òun náà ti gbà pé ibi tí ọ̀rọ̀ ohùn parí sí nìyẹn. Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ aṣọ rírán. Àwọn tó kọ́kọ́ ń fi í rẹ́rìn-ín pé obìnrin wo ló ń yọ́ òjé, àwọn náà ló padà di oníbàárà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀. Elisha Ògúnlẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ní Iléṣà, tó sì darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Sípíkà méjì ni ó gbé wá. Wọ́n ga dé àyà Ìbíjọkẹ́, igi wọn ń dán lábẹ́ eruku, ọkùnrin méjì ló sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé.

"Ọwọ́ ẹni tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ni mo ti rà wọ́n," bàbá náà wí. "Ó gbé tẹlifíṣọ̀n lé wọn lórí bíi tábìlì. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ orin wa ní irú wọn nílé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ ọ, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, n ò gbàgbé."

"Kí ló wá ṣe wọ́n, Bàbá?"

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀, àmọ́ bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu ni."

Ìbíjọkẹ́ tú ọ̀kan. Ó fa irun àgùntàn tó kún inú rẹ̀ jáde, ó sì rí pátákó tí wọ́n ń pè ní kirọsófà nísàlẹ̀. Kò sí atúnrédíòṣe tí kò mọ̀ ọ́n. Òun ló ń pín ohùn: ó ń darí ohùn tín-ín-rín sí tuwítà lókè, ó sì ń darí èyí tó ki sí wúfà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kapásítọ̀ kan péré, ẹ̀yà kékeré tí iná ohùn ń gbà kọjá, ló máa ń wà nínú àwọn tí Ìbíjọkẹ́ mọ̀. Mọ́kànlá ló wà lórí èyí, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ilé ìwé, wáyà bàbà tí wọ́n wé sì nípọn bí ọrùn ọwọ́. Kò sí ibì kan tí òjé ti kún àkúnjù. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i padà. Inú àpótí tí wọ́n máa dì pa, tí ẹnikẹ́ni ò ní yọjú sí, ni ẹnì kan jókòó ṣe irú iṣẹ́ yìí sí.

"Bàbá," ó wí, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ti rẹ ohùn sílẹ̀, "ta ló ṣe eléyìí?"

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, ọmọ mi."

Ó fi mítà wọn àwọn kapásítọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti gbẹ, torí ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ó sọ fún bàbá náà pé irú mìíràn wà tí kò ní omi nínú, tí kì í gbẹ, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti máa wá. Bàbá ní kò burú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dúró. Nígbà tí àwọn kapásítọ̀ tuntun dé, Ìbíjọkẹ́ ya àwòrán pátákó náà sínú ìwé kí ó má baà ṣì í, ó sì pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù tí kò lò rí.

Ó tan án. Aṣọ ti kúrò lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn náà ń gé ni létí bí abẹ. Bí akọrin bá pe "sí" tàbí "sà", a máa ta ṣìì bí òróró gbígbóná.

Ọjọ́ méjì gbáko ni ó fi ń wá ohun tó fà á. Nǹkan tuntun ni ó fi sí i, ohun tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èwo wá ni ti ariwo yìí? Ní ọjọ́ kẹta, ó tún kó àwọn kapásítọ̀ àtijọ́ jáde, ó ń wò wọ́n, ni ọ̀rọ̀ bá yé e. Irú wọn kì í jẹ́ kí iná kọjá pátápátá, wọ́n máa ń dá díẹ̀ dúró, kódà nígbà tí wọ́n wà ní tuntun. Ẹni tó ṣe sípíkà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti ṣírò díẹ̀ náà mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tuntun kì í dá nǹkan kan dúró, nítorí náà iná tó ń wọ tuwítà ti pọ̀ jù. Ìbíjọkẹ́ wá rẹsísítọ̀ kékeré kan tó ń dín iná kù, ó jó o mọ́ ẹnu ọ̀nà tuwítà lápá méjèèjì. Ó tún tan án.

Abẹ náà ti lọ. Orí rẹ̀ wú. Ẹni tí kò mọ̀ rí, ní ìlú tí kò lè dé, ti ro gbogbo rẹ̀ tán, dé orí ohun tí kò tó nǹkan.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀lé ẹrù náà lọ sí Iléṣà. Ìyàwó bàbá, Ìyá Julianah, ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí. Ohùn rẹ̀ ha bí ẹni tó ń fi iyanrìn fọ ìkòkò. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún un ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, láti ìgbà náà ni kò ti kọrin mọ́.

Bàbá mú kásẹ́ẹ̀tì kan jáde. Ọjọ́ ìkórè ọdún 1986 ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ló gbé maikirofóònù méjì wá gba ohùn ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ títí lórí rédíò rẹ̀, bí ohùn kan ṣoṣo tó dà pọ̀ ló sì ṣe máa ń rí.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Julianah dúró sínú ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó rìn lọ sí àárín sípíkà méjèèjì, níbi tí nǹkan kan ò sí, ó sì na ìka.

"Bándélé rèé," ó wí. "Phebe rèé, lápá ọ̀tún. Ó máa ń pẹ́ wọlé."

"Láńrewájú ló wà lẹ́yìn yẹn," ni Bàbá fèsì. "Gbọ́ bó ṣe ń mí kó tó gbé e."

Àwọn akọrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú tipẹ́. Síbẹ̀ wọ́n dúró ní pálọ̀ yẹn, oníkálukú ní àyè tirẹ̀, débi pé Ìbíjọkẹ́ sún sẹ́yìn kí ó má baà dí wọn lọ́nà. Ohùn obìnrin kan wá yọ lápá òsì, ó tutù, ó jinlẹ̀, ó ń gbé àwọn yòókù dúró lábẹ́lẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Ìyá Julianah béèrè.

Ọkọ rẹ̀ wò ó. "Ìwọ ni."

"Ẹ má tàn mí, Bàbá Ìlérí."

"Ìwọ ni. Ibẹ̀ lo máa ń dúró sí, ní ọwọ́ òsì mi. Ohùn rẹ ni mo máa fi ń mọ̀ bóyá orin wà lójú ọ̀nà."

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ọrùn, níbi àpá iṣẹ́ abẹ náà, títí orin fi parí.

"N ò gbọ́ ara mi rí," ó wí níkẹyìn. "Ẹ tún un fi."

Wọ́n fi í lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, bàbá ti ń ju ọwọ́ bí olùdarí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ àwọn akọrin àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá sí pálọ̀ náà. Lóṣù Ọ̀wàrà, bàbá pe Ìbíjọkẹ́ lórí fóònù pé ọmọ Phebe, Tinúolúwa, wá láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò mọ bí ohùn ìyá náà ṣe rí. Ìyá Julianah fà á lọ́wọ́, ó mú un dúró sí apá ọ̀tún gan-an, ó ní kó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìyá rẹ̀ máa tó wọlé.

"Ṣé ó gbọ́ ọ, Bàbá?" ni Ìbíjọkẹ́ béèrè.

"Ó gbọ́ ọ," bàbá wí. "Ó ṣì dúró síbẹ̀ báyìí."