Wọ́n Mú Ògbufọ̀ Wá Kí Wa Nílé Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí, torí inú ṣì ń bí mi. Sátidé tó kọjá la ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún Rùkáyátù, ọmọ mi obìnrin, nílé àwọn ọkọ mi ní Òmù-Àrán. Ìkòròdú làwọn àna ti wá.

Wọ́n dé, wọ́n kí wa dáadáa. Àfi bí agbẹnusọ wọn ṣe ṣẹ́jú sí ọkùnrin kan lẹ́yìn. Onítọ̀hún dìde, ó kọjú sí ìyá ọkọ mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Hausa! Dírẹ́bà wọn ni. Ó ti gbé Kàdúná rí, ni wọ́n bá ní kó wá máa túmọ̀ fún wa. Wọ́n tún gbé apẹ̀rẹ̀ gbàǹja ńlá kan kalẹ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé òun làwọn ará òkè Ọya fẹ́ràn.

Ṣé ẹ rí ayé mi? Ṣé ọmọ Kwara tó ń jẹ́ Rùkáyátù kò lè jẹ́ Yorùbá ni? Nígbàkígbà tí mo bá dé Èkó, wọ́n á ní báwo ni mo ṣe gbọ́ Yorùbá tó báyìí. Mo ti ṣàlàyé títí, ẹnu mi ti bó.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ní kí dírẹ́bà jókòó, kó mu omi. Wọ́n wá fi Yorùbá bi àwọn àlejò pé ta ló sọ pé Hausa ni wá. Gbogbo wọn kàn yíjú sí Rùkáyátù.

Ọmọ tí mo bí sí Òmù-Àrán, tó kàwé níbẹ̀! Ó ní àwọn ará ibiṣẹ́ òun l'Ékòó ló ń pe òun ní mọ̀lá, ìyẹn Hausa. Òun jiyàn títí ó fi sú òun, lòun bá kúkú ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bi í, ohun kan náà ló sọ fún un.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fárígá. Wọ́n ní kí àwọn àna kó ẹrù wọn, àwọn kò lè fọmọ fún ẹni tí kò mọ ilé tó ti ń fẹ́yàwó. Rùkáyátù bú sẹ́kún. Mo rò pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Màmá ní àwọn àlejò kò jẹ̀bi. Wọ́n pe Rùkáyátù síwájú, wọ́n ní kó sọ ẹni tó jẹ́ fún àna rẹ̀. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ bàbá àgbà. Ó wá kan oríkì ilé. Ìlà kan péré ló mọ̀, ojú wá tì mí.

Màmá gba gbàǹja náà, wọ́n ṣàdúrà sí i. Wọ́n wá sọ fún àwọn àna pé, "A ti fún yín lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi ná. Ẹ̀yin ti mọ̀ wá lónìí, ó ku òun."

Ẹ̀yin òbí, bí a kò bá sọ fún àwọn ọmọ wa ẹni tí wọ́n jẹ́, ará ibiṣẹ́ á bá wa sọ ọ́. Ẹ bi tiyín ní oríkì ilé yín lónìí, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ síbí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá tèmi nìkan ni.